Gẹ̀gẹ̀ Ọrùn Mi àti Ohùn Tí Mo Fi Ń Tajà

Ajé, 8 Sẹ̀tẹ́ńbà

Ó di dandan. Gẹ̀gẹ̀ yìí máa jáde lọ́rùn mi.

Dókítà Olúrótìmí ló sọ ọ́. Ó fi ìka tẹ ọrùn mi, ó ní kí n gbé itọ́ mì, ó ní kí n dùbúlẹ̀ gbalaja. Nígbà tó rí i pé mi ò lè mí dáadáa bí mo ṣe dùbúlẹ̀, ó ní kí n dìde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé. Ó lè má tíì pé ogójì ọdún, ṣùgbọ́n kì í kánjú sọ̀rọ̀, ó sì máa ń wo ojú èèyàn bó bá ń sọ ọ́. Irú wọn ló wù mí. Ó ní gẹ̀gẹ̀ náà ti ń tẹ ibi tí èémí ń gbà, pé bí mo bá tún fi hìjáàbù bò ó fún ọdún mìíràn, ọ̀rọ̀ á kọjá hìjáàbù.

Lẹ́yìn náà ló wá sọ èyí tó bà mí nínú jẹ́. Ó ní iṣan tín-ín-rín kan wà lẹ́yìn ibi tí gẹ̀gẹ̀ jókòó sí, òun ló ń gbé ohùn. Bí nǹkan bá ṣèèṣì kàn án, ohùn lè há, ó lè pẹ́ kó tó padà, ó sì lè má padà mọ́. Kì í sábà ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n òun gbọ́dọ̀ sọ fún mi kí n tó gbà.

Mo ní, "Dókítà, ṣé ẹ mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe?"

Ó ní òun ò mọ̀ ọ́n.

"Dòdò ni mò ń tà létí títì ní Ìkirè. Ohùn ni mo fi ń dá ọkọ̀ dúró."

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ó ti dé orí ahọ́n mi láti sọ fún un pé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la ń pa àmúkùrù ẹ̀pọ̀n, mo rántí pé ọmọlúàbí ni mí, mo gbé e mì. Òjò ká wa mọ́ Aṣéjìrè nígbà tí à ń bọ̀ láti ọsibítù.

Ọjọ́rú, 10 Sẹ̀tẹ́ńbà

Òjò láti àárọ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wọ́n, epo wọ́n, oníbàárà náà wọ́n.

Jímọ̀, 12 Sẹ̀tẹ́ńbà

Mi ò fẹ́ kí Morónkẹ́ mọ̀, ó sì ti mọ̀. Ta ló lè fi nǹkan pa mọ́ fún Ìyá Pẹ̀lúmi? Ẹ̀gbẹ́ àtẹ mi ni àtẹ tirẹ̀ wà. Bí ọkọ̀ bá ti dẹwọ́ eré, òun á pariwo pé tòun ló dùn, èmi á pariwo pé irọ́ ló ń pa. A máa ń bú ara wa láàárọ̀, a sì máa ń jẹun nínú abọ́ kan lọ́sàn-án. Ẹlẹ́nu mímú ni, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni, iṣẹ́ abẹ sì ni wọ́n fi gba ọmọ rẹ̀ méjèèjì, nítorí náà kò sí ohun tó kù tí kò mọ̀ nípa ọsibítù. Ó jókòó sórí àpótí mi láìjẹ́ pé mo ní kó jókòó.

"Ìyá Nasru, gbọ́. Ọsibítù kì í ṣe ilé àna, wọn ò ní tẹ́ ẹní dè ẹ́. Mú ife dání, mú ṣíbí dání, mú bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ní ìdérí. Bùbá tó ń ṣí níwájú ni kó o kó dání, torí ọrùn ẹ ò ní gbà kó o máa bọ aṣọ gba orí. Má sì di ṣùkú lọ o. Bó o bá di ṣùkú, ibo lo fẹ́ gbé orí lé?"

Mo ní ó ti tó.

"Kò tíì tó. Gbogbo oògùn tó ò ń lò nílé, kó o sọ ọ́ fún wọn. Àgbo náà wà ńbẹ̀."

"Mi ò mu àgbo."

"Má parọ́ fún mi. Mò ń gbóòórùn ẹ̀ láràárọ̀."

Mo lé e kúrò lórí àpótí mi. Ṣùgbọ́n nígbà tó lọ tán, mo ká ṣùkú orí mi wálẹ̀.

Ajé, 22 Sẹ̀tẹ́ńbà

Wọ́n ní kí ẹni méjì fa ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ kó tó di ọjọ́ iṣẹ́ abẹ. Àbúrò mi, Álífà Khalilullah, ti fa tirẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó sì padà sí Àpòmù lọ kọ́ àwọn ọmọ kéú rẹ̀ bí ẹni pé kò ṣe nǹkan kan. Ó wá ku ọkọ mi.

Bàbá Nasru ní òun ò sá fún abẹ́rẹ́ o, pé kòkó ló ń pọ́n lóko Ìkòyí. Mo ní kòkó ò lè pọ́n tán lọ́jọ́ kan. Ó ní ẹ̀yìn òun ń dun òun. Mo ní wọn ò fẹ́ fa ẹ̀yìn. Nígbà tí a débẹ̀ tí wọ́n gbé abẹ́rẹ́ jáde, Làtífù ọkọ mi tó ti fi àdá gé ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rí, tó sì fi ẹsẹ̀ náà rìn wálé láti oko, ló di ojú tó ń ka Fátíhà. Wọ́n fún un ní móòtì àti bísíkíìtì. Láti ìgbà tí a ti délé ló ti ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá kí i pé nọ́ọ̀sì ní ẹ̀jẹ̀ òun lágbára. Nọ́ọ̀sì ò sọ bẹ́ẹ̀.

Mo fẹ́ràn ọkùnrin yìí. N ò ní sọ fún un.

Ajé, 29 Sẹ̀tẹ́ńbà

Lónìí mo fẹ́ sá. Kí n kúkú kọ ọ́ síbí.

Ojú ọjọ́ dára, ohùn mi sì jáde láàárọ̀ bó ṣe yẹ kó jáde. Ọkọ̀ kan ti kọjá wa tán, ó ti ń lọ sí ọ̀nà Ifẹ̀, mo ké sí i, ó sì fi ẹ̀yìn rìn padà wá. Dẹ́rẹ́bà ní òun ò tiẹ̀ fẹ́ ra nǹkan, pé ohùn yẹn ló mú òun. Mo ń gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì ń rò ó nínú mi pé, irú ohùn yìí ni mo fẹ́ gbé lọ síwájú ọ̀bẹ? Mo pinnu pé ó tó, mi ò lọ mọ́.

Nígbà tó di àṣálẹ́, òkèlè ẹ̀bà há sí mi lọ́fun. Ẹ̀bà lásán, tí kò le. Kò lọ, kò bọ̀. Bàbá Nasru gbá mi lẹ́yìn títí ó fi jáde, ojú mi ti pọ́n, itọ́ ń dà lẹ́nu mi bí ọmọ ìkókó. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ẹni tí kò lè mí, kí ló fẹ́ fi ohùn ṣe?

Mo máa lọ.

Àìkú, 5 Ọ̀kitóbà

Mo lọ kí Ìyá ní Àpòmù. Ìyá ò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ abẹ. Ó ní nígbà tiwọn, ẹni tó bá ní gẹ̀gẹ̀ á máa gbé e kiri jẹ́jẹ́, wọn á sì bá a gbé e dé sàréè. Mo ní èmi ò fẹ́ bá a dé sàréè, kó máa lọ ṣíwájú mi.

Álífà jókòó, ó fi yíǹkì tàdáà kọ ẹsẹ Kùránì sára wàláà, ó kọ ọ́ kún ojú méjèèjì, ó fi omi fọ̀ ọ́ sínú abọ́, ó sì da hàǹtú náà sínú ìgò fún mi. Ìyá bu oyin sí i. Nígbà tí Álífà dìde lọ kírun, Ìyá fà mí mọ́ra, ó ní, "Maimúná, láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ gbé ẹ wọlé, òun ni kó kọ́kọ́ kan ẹnu ẹ. Kó o mu ún tán o." Mo ní mo ti gbọ́, Ìyá mi.

Ajé, 6 Ọ̀kitóbà

Mo ti wà ní wọ́ọ̀dù. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni wọ́n fún mi, ara mi sì balẹ̀.

Wọ́n gbé fọ́ọ̀mù wá pé kí wọ́n buwọ́ lu iṣẹ́ abẹ. Bàbá Nasru na ọwọ́ sí bírò. Mo bi í pé ọrùn ta ni? Ó fà á fún mi. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ túmọ̀ gbogbo rẹ̀ fún mi, wọ́n sì túmọ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ ohùn náà wà níbẹ̀. Mo gba bírò, mo kọ orúkọ mi.

Nọ́ọ̀sì Fọláṣẹwà ló ń tọ́jú wa, ọmọ tó ní sùúrù. Ó ní kí n bọ́ yẹtí àti òrùka, kó wà lọ́wọ́ ọkọ mi. Ó wo èékánná mi bóyá mo lé làálì, torí wọ́n máa fi nǹkan há ìka tó ń sọ bí èèyàn ṣe ń mí. Ó wá ní, "Mọ́mì, láti agogo méjìlá òru, ẹ ò gbọ́dọ̀ jẹ, ẹ ò gbọ́dọ̀ mu. Kódà omi. Bí wọ́n bá kùn yín lóorun tí nǹkan wà nínú yín, ó lè gòkè wá, kó bá ọ̀nà èémí lọ."

Mo ní, "Èmi? Mo ti ń gba ààwẹ̀ kí wọ́n tó bí ẹ."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì gbé omi mi lọ. Ọmọbìnrin kan wà ní ibùsùn kejì, Adérónkẹ́ ni orúkọ rẹ̀, ara Ìkòyí ni, gẹ̀gẹ̀ ló bá wá bíi tèmi. Mo rí i tó tọ́jú bísíkíìtì sábẹ́ ìrọ̀rí. Mo jágbe mọ́ ọn pé ṣé kò gbọ́ ohun tí nọ́ọ̀sì wí ni, pé ṣé ó fẹ́ kú ni. Ó ní, "Ẹ má bínú, Mà." Mo gba bísíkíìtì náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 7 Ọ̀kitóbà

Wọn ò ṣe é. Èmi ni mo bà á jẹ́.

Mo kírun àsùbáà, mo yọ ìgò hàǹtú nínú báàgì, mo mu ún tán bí Ìyá ṣe wí. Kò tiẹ̀ wá sí mi lọ́kàn pé mo mu nǹkan. Àdúà ni. Wọ́n wọ aṣọ tíátà fún mi, wọ́n tì mí lọ. Dókítà tó ń kun èèyàn lóorun, obìnrin kúkúrú tó lo jígí, dá wa dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Mọ́mì, ẹ ti jẹ nǹkan?"

"Rárá."

"Ẹ mu nǹkan?"

"Rárá o."

"Ẹ ṣe dáadáa. Ẹ̀rù ò sì bà yín?"

"Kí ló máa bà mí lẹ́rù? Mo ti mu hàǹtú mi."

Ó bi mí pé kí ló ń jẹ́ hàǹtú. Nọ́ọ̀sì Fọláṣẹwà tó di ibùsùn mi mú kàn di ojú ni.

"Ṣé omi ni, Mọ́mì?"

"Kì í ṣe omi. Àdúà ni."

"Àdúà náà, báwo ló ṣe pọ̀ tó?"

"Ìgò kan. Pẹ̀lú oyin."

Wọ́n yí ibùsùn mi padà níbẹ̀. Dókítà Olúrótìmí wá bá mi, kò pariwo, ó ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìkan ni òun ń ṣe iṣẹ́ abẹ ọrùn, àwọn tó kù sì ti kún ọwọ́ òun, àfi ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ì bá pariwo, ì bá sàn fún mi. Adérónkẹ́ ni wọ́n gbé wọlé ní ipò mi. Bí wọ́n ṣe ń tì í kọjá lọ, ó wò mí. Mo fi aṣọ bo ojú mi, mo sunkún.

Ọjọ́rú, 8 Ọ̀kitóbà

Láti Aṣéjìrè ni mo ti ń ro ohun tí mo máa wí. Bí mo bá ní dókítà ò ráyè, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ṣùgbọ́n Morónkẹ́ ló kọ́kọ́ rí mi tó figbe ta, "Gẹ̀gẹ̀ yìí ṣì wà ńbẹ̀!" Irọ́ náà kọ̀ kò jáde. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di àtẹ mú. Nígbà tó wá nu ojú tán, ó sún mọ́ mi, ó ní nígbà tí wọ́n fẹ́ gba ọmọ òun kejì, pásítọ̀ fún òun ní òróró ìyàsímímọ́, òun lá a tán lẹ́nu ọ̀nà tíátà, òun ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

"Títí dòní?"

"Títí dòní. Àánú Ọlọ́run ló gbé mi jáde, kì í ṣe ọgbọ́n."

Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi èyí kún ìmọ̀ràn tó fún mi lọ́jọ́sí. Ó ní kò wá sí òun lọ́kàn pé òróró jẹ́ nǹkan mímu. Àwa méjèèjì wo ara wa.

Jímọ̀, 10 Ọ̀kitóbà

Ìyá wá láti Àpòmù tòun ti Álífà. Ojú Ìyá ti wú fún ẹkún, ó ní òun ló fẹ́ pa ọmọ òun. Mo ní kò sẹ́ni tó pa mí, mo wà níbí tí mò ń din dòdò.

Álífà ní, "Ìyá, èmi ò sọ pé àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni kí wọ́n mu ún. Àdúà tí mo ṣe lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ṣé ó máa sùn di Túsìdeè ni kó tó gbà? Ọlọ́hun kì í ṣe oògùn ibà tí wọ́n ń lò láàárọ̀." Ó wá kọjú sí mi. "Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti kọ òmíràn wá. Ẹ mu ún nísinsìnyí, lójú mi."

Mo mu ún tán. Oyin Ìyá pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Álífà ní òun máa fi ọ̀rọ̀ náà ṣe wáàsì kí ìrun Jímọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, kí àwọn ẹlòmíràn lè gbọ́n. Mo ní kó má dárúkọ mi.

Ó dárúkọ mi.

Ajé, 13 Ọ̀kitóbà

Wọ́ọ̀dù. Nọ́ọ̀sì Fọláṣẹwà tú báàgì mi yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́, ó gbọn ìrọ̀rí mi, ó bi mí nípa hàǹtú, òróró, omi samsam, àgúnmu àti obì. Ó ní láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni àwọn ti fi kún ìbéèrè tí àwọn ń bi gbogbo èèyàn. Mo ní kí wọ́n fi ògì tí wọ́n fi ń ṣe sáàrà náà kún un. Òfìfo ni mo sùn. Adérónkẹ́ ti lọ sílé, wọ́n ní ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹyẹ.

Ọjọ́bọ̀, 16 Ọ̀kitóbà

Mo wà láàyè. Wọ́n ṣe é lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

Mo fi ọwọ́ kan ọrùn mi, ọrùn lásán ni. Mo sùn gbalaja lánàá. Mo ti gbàgbé pé báyìí ni àwọn èèyàn ṣe ń sùn.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo lajú lọ́jọ́ náà, Dókítà Olúrótìmí ní, "Mọ́mì, ẹ sọ nǹkan." Mo ní, "Ẹ ṣeun." Ohun tó jáde dà bí ìgbà tí wọ́n ń wọ́ páànù nílẹ̀. Ó ní ó lè jẹ́ rọ́bà tí wọ́n fi sí mi lọ́fun ni, kí n ní sùúrù. Mo ti ń ní in láti ọjọ́ náà títí di báyìí. Páànù náà ṣì ni.

Àìkú, 19 Ọ̀kitóbà

Mo ti délé. Ìyá pè mí lórí fóònù. Mo ní, "Ìyá, ẹ káàsán."

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún Maimúná ní fóònù."

"Ìyá, èmi ni."

"Ẹ máà bínú, Bàbá. Ọmọ mi ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀."

Mo gbé fóònù fún Bàbá Nasru, mo lọ dúró lẹ́yìnkùlé. Ó dùn mí ju ojú abẹ lọ.

Ajé, 27 Ọ̀kitóbà

Ojú abẹ ti jinná. Dókítà fi iná wo ọ̀fun mi, ó ní iṣan náà ò gé, ó rẹ̀ ẹ́ ni. Ó lè tó oṣù mélòó kan. Kí n máa sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, kí n má fi agbára fà á. Mo bi í bóyá ó máa padà bó ṣe wà. Ó wo ojú mi, ó ní òun rò bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òun ò ní búra.

Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìròyìn tí wọn ò bù mọ́ ni mo fẹ́.

Àìkú, 9 Nòfẹ́ńbà

Mo ti padà sídìí àtẹ. Òjò ti ń lọ, eruku ti ń dé, ọ̀gẹ̀dẹ̀ sì ti rọjú díẹ̀. Mò ń gbé ẹ̀bà mì bí ọmọge.

Morónkẹ́ ló ń pe ọkọ̀ fún àwa méjèèjì. "Ẹ wá ra tèmi, ẹ wá ra ti Ìyá Nasru!" Bó bá ta mẹ́ta, á ti oníbàárà kẹrin sọ́dọ̀ mi. Kò bú mi mọ́. Bí mo bá sọ̀rọ̀, á sún mọ́ mi, á tẹ́tí bí ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ arúgbó. Oore ni, mo mọ̀ pé oore ni. Inú ń bí mi sí oore náà. Mo fi ìtìjú jẹ dòdò ara mi lónìí, torí kò sí ẹni tó rà á.

Àbámẹ́ta, 15 Nòfẹ́ńbà

Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan dúró lọ́sàn-án yìí, ó ń bọ̀ láti Ifẹ̀. Ọkùnrin inú rẹ̀ yọ ọwọ́, iwájú mi gan-an ló nà án sí, dòdò mi ló ń fi ìka tọ́ka sí. Mo ti ń dì í. Morónkẹ́ ò rí èyí, àbí ó gbàgbé pé àánú mi ń ṣe é, mi ò mọ̀. Bó ṣe sáré gbé tirẹ̀ dé ojú fèrèsé ọkọ̀ nìyẹn, tó sì ti na ọwọ́ láti gba owó.

Mi ò rò ó. Bí mo bá rò ó ni, páànù ni ì bá jáde.

"Morónkẹ́! Olè! Oníbàárà mi nìyẹn!"

Gbogbo ọ̀nà gbọ́ ọ. Àwọn ọlọ́kadà tó wà lódìkejì yíjú. Ajá kan dìde. Morónkẹ́ dúró bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀, owó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò yíjú. Mo gbọ́ ohùn náà bó ṣe ń lọ lọ́nà Aṣéjìrè, mo sì mọ̀ pé tèmi ni, ó wúwo díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n tèmi ni.

Ó sọ owó sí ọkùnrin náà lára, ó sáré padà wá, ó gbá mi mú níwájú iná dòdò, omijé ń dà lójú rẹ̀ sórí hìjáàbù mi.

"Tún un sọ. Ìyá Nasru, mo bẹ̀ ẹ́, tún un sọ."

"Olè ni ẹ́!"

"Jésù! Tún un sọ!"

"Olè! Dòdò ẹ ò níyọ̀! Ata ẹ ò ta! Láti ọjọ́ pípẹ́ ni mo ti ń fara dà á!"

Ọkùnrin inú ọkọ̀ náà rò pé orí wa ti yí, ó ra tèmi, ó ra ti Morónkẹ́, ó sáré lọ. Morónkẹ́ ń sunkún, ó ń jó, ó ń fi ọwọ́ pè mí pé kí n má tíì ṣíwọ́. Mo bú u dé orí ìyá ọkọ rẹ̀. Gbogbo ohun tí mo ti tọ́jú sínú láti Ọ̀kitóbà ni mo kó jáde, ó sì ń ṣe àmín sí i lọ́kọ̀ọ̀kan.